Ẹ Bi Wá: Sikéètìbọ́ọ̀dù Àtijọ́, Ihò Bóòtì, àti Ọ̀rọ̀ Tí Pákó Ń Sọ

Lẹ́tà tó wọlé lórí sikéètìbọ́ọ̀dù àtijọ́ ju àyè tí a ní lọ, a sì ti ṣa méje nínú wọn. Ká lè gbọ́ ara wa yé: pákó ni a ń pe igi tí ẹsẹ̀ ń dúró lé. Tírọ́ọ̀kì ni irin tó so táyà mọ́ ọn lábẹ́ (kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù o). Gíríìpù ni bébà dúdú tó rí hàrà-hàrà bíi sáńpépà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú pákó kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Àtúntẹ̀ sì ni èyí tí ilé iṣẹ́ tún ṣe jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àwòrán àtijọ́.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọjà àlòkù kan nítòsí Peckham ni mo ti rí sikéètìbọ́ọ̀dù Powell Peralta kan, agbárí òkú àti ejò ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní ti ọdún 1986 ni, £250 ló sì ń pè é. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ojúlówó ni tàbí àtúntẹ̀? (T.A., Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ mú rúlà dání kí ẹ tó mú owó dání. Bóòtì mẹ́rin ló ń mú tírọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, orí wọn sì máa ń hàn lókè pákó, nítorí náà ẹ ò nílò láti tú ohunkóhun. Ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín bóòtì kan sí àárín èyí tó tẹ̀ lé e ní gígùn pákó. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 2½, ìyẹn mìlímítà 63.5, ètò àtijọ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 2⅛, ìyẹn mìlímítà 54, ètò tuntun ni, èyí tó gbòde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí pákó di tẹ́ẹ́rẹ́ tí táyà sì kéré. Ẹ má wulẹ̀ wọ̀n ìbú rẹ̀: íǹṣì 1⅝ ni nínú méjèèjì.

Pákó tí wọ́n bá pè ní ti 1986, tí ihò rẹ̀ sì jẹ́ 2⅛ nìkan, kì í ṣe ti 1986. Ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún òdìkejì rẹ̀, nítorí àwọn àtúntẹ̀ kan wà tí wọ́n lu ihò àtijọ́ sí, torí àwọn àgbà tó ń rà á fẹ́ fi tírọ́ọ̀kì ìgbà èwe wọn sábẹ́ rẹ̀. Ihò lè já irọ́, àmọ́ kò lè dá jẹ́rìí òtítọ́. Bí ẹ bá rí ihò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lójú kan, ó lè jẹ́ pákó àtijọ́ tí ẹnì kan tún lu kó lè gba tírọ́ọ̀kì tuntun. Ìyẹn á dín iye rẹ̀ kù, kò sọ ọ́ di ayédèrú.

Ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, lẹ́yìn àmì ©, ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ọdún tí wọ́n ya àwòrán ni. Agbárí àti ejò tí ẹ rí yẹn, Vernon Courtlandt Johnson ló yà á fún Mike McGill, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré sikéètì, Powell Peralta, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, fúnra rẹ̀ sì ti tún un tẹ̀. Ọdún àtijọ́ lè wà lára èyí tó jáde lánàá.

Ó wá kan àwọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ojú àwọ̀n ni wọ́n ń gbà tẹ àwòrán sára pákó, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sára fáńẹ́ẹ̀lì. Ẹ dijú, kí ẹ fi ìka rọra gba orí ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé. Ẹ ó bá etí kan tó ga díẹ̀. Ẹ wá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wò ó: àwọ̀ á kún dídì, nígbà míì pupa á ti yà díẹ̀ kúrò létí dúdú, torí ọwọ́ èèyàn ló gbé àwọ̀n lé e. Àwòrán tí wọ́n fi ooru lẹ̀, tó wá wọ́pọ̀ lẹ́yìn náà, máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi tí àwọ̀ ti ń ṣíji láti pupa sí yẹ́lò, awò á fi ẹ̀kán kéékèèké hàn bíi ti fọ́tò inú ìwé ìròyìn. Níbi tó bá sì ti ha, á ṣí bí ọ̀rá.

Èyí tó ṣòro jù láti ṣe àdàmọ̀dì rẹ̀ ni bí pákó ṣe gbó. Bí ẹni náà bá gbà, ẹ tú tírọ́ọ̀kì kan. Lára pákó tí wọ́n gùn ní tòótọ́, ibi tí tírọ́ọ̀kì jókòó sí máa ń rì díẹ̀, á ní igun mẹ́rin tó ṣe kedere, àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì mọ́ ju ti ìta lọ. Inú ihò á ti dúdú nítorí ìpẹtà bóòtì. Ìhà tí wọ́n fi yọ̀ lórí etí kọnkéré máa ń dá ìlà sí àárín pákó, láàárín tírọ́ọ̀kì méjèèjì, ìlà yẹn á sì dábùú. Ìrù, ìyẹn ìparí ẹ̀yìn pákó, á ti jẹ lọ ní ìdagẹ̀rẹ̀ títí yóò fi mú bí abẹ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ tuntun di àgbà yóò lo sáńpépà: gbogbo ìlà á kọrí síbì kan náà, á sì dé kọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ kì í fọwọ́ kàn, bí ẹ̀gbẹ́ tírọ́ọ̀kì gan-an.

Àtúntẹ̀ kì í ṣe olè o. Ilé iṣẹ́ ló ṣe é, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì dára láti gùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí wọ́n fi orúkọ bàbá pe ọmọ, kí wọ́n sì gba owó bàbá. Bí ihò bá jẹ́ 2⅛, ẹ béèrè iye tí àtúntẹ̀ tuntun ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ má san kọ́bọ̀ kan lé e.

Mo ra sikéètìbọ́ọ̀dù kan tó ní tírọ́ọ̀kì Independent lábẹ́. Ó ti dípẹtà, bóòtì kò tú, táyà méjì kò yí. Àwòrán ìsàlẹ̀ ti ha. Mo fẹ́ fọ̀ ọ́, kí n yọ gíríìpù, kí n tún un kùn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Bàbá Tóbi, Atlanta)

Ẹ gbé ọ̀dà yẹn padà sórí sẹ́ẹ̀fù. Pákó tó ha pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀ níye lórí lọ́wọ́ akójọ (ẹni tó ń kó ohun àtijọ́ jọ) ju èyí tí wọ́n tún kùn tó ń dán gbinrin. Ohun tí ẹ bá fi kún un kò ní ṣeé yọ mọ́. Ẹ má sì fi pọ́tì dí ìrù tó ti jẹ.

Irin ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò òkè, ìsàlẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ lè rántí ibi tí kálukú ti wá. Sípánà mẹ́ta ló tó: 3/8 íǹṣì fún nọ́ọ̀tì bóòtì pákó, 1/2 fún nọ́ọ̀tì táyà, 9/16 fún nọ́ọ̀tì ńlá àárín tírọ́ọ̀kì. Sípánà onímìlímítà tó fẹ́ bá a mu ló ń bọ́ orí nọ́ọ̀tì.

Bóòtì tí kò tú ń fẹ́ epo àti sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ má fọ́n epo sí i, torí igi á fà á mu, àbàwọ́n rẹ̀ kò sì ní kúrò láéláé. Ẹ rì ṣóńṣó igi ìṣáná sínú epo, kí ẹ kán ẹyọ kan sí ibi tí nọ́ọ̀tì àti bóòtì ti pàdé. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tún kán òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi súkúrúdiráfà mú orí bóòtì dúró gbọin lókè. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ yí. Ẹni tó bá ń yí orí bóòtì á jẹ ojú rẹ̀, á fa gíríìpù ya, á sì gbẹ́ ihò fẹ̀. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ bo igi, kí ẹ fi ayùn irin gé nọ́ọ̀tì náà sọnù. Nọ́ọ̀tì rọrùn láti rà, pákó ọdún 1980 kò sí lọ́jà.

Nínú tírọ́ọ̀kì, ẹ ó bá rọ́bà méjì. Tírọ́ọ̀kì àtijọ́, rọ́bà rẹ̀ á ti le bí òkúta tàbí kó máa rún. Ẹ ra tuntun bí ẹ bá fẹ́ gùn ún, ṣùgbọ́n ẹ kó ti àtijọ́ sínú àpò kékeré kí ẹ kọ orúkọ sí i, torí ẹni tó máa rà á lọ́la lè béèrè rẹ̀. Ètò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: wáṣà, rọ́bà, irin tó gbé táyà, rọ́bà kejì, wáṣà, nọ́ọ̀tì.

Nọ́ọ̀tì táyà ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe ìbàjẹ́. Bí wọ́n ti ń fi irin tó gba àárín táyà kọjá ha etí kọnkéré, orí irin náà ti wú bí olú. Bí ẹ bá fi agbára fa nọ́ọ̀tì jáde, á kó gbogbo ojú ìdè (ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí gbà lára irin náà) lọ. Ẹ kán epo, kí ẹ máa yí i síwájú sẹ́yìn, ìdá mẹ́rin àyíká lẹ́ẹ̀kan. Bí ojú ìdè bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, irinṣẹ́ ìgé ojú bóòtì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5/16-24 ló bá a mu.

Bíárìn tí kò yí: ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà láti ìgbà náà, mìlímítà 8 nínú, 22 ní ìta, 7 ní nínípọn. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ lè fi tuntun sí i láti gùn ún, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó. Bí ẹ bá fẹ́ jí èyí tó ti kú, ẹ rì í sínú isopropyl alcohol, ẹ mì í, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ méjì sí i. WD-40 á fọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ gbẹ, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀.

Ara irin fúnra rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi nǹkan ìdán dán an. Ìlà tí kọnkéré fà sí i wà lára ohun tí ẹ rà, ìdán sì máa ń jẹ etí lẹ́tà tó yọ lára irin. Fún pákó, aṣọ tí ẹ fi omi tutù díẹ̀ tí ẹ sì fún gbẹ. Sípíríìtì kò gbọdọ̀ kan àwòrán, yíyọ́ ló máa yọ́. Gíríìpù: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbọn ìdọ̀tí rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mù tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lè fa ìpele igi òkè jáde pẹ̀lú àmì ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan san dọ́là 800,000 fún sikéètìbọ́ọ̀dù Supreme. Mo ní mẹ́rin. Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀? (K.O., Brooklyn)

Ẹ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Títà tí ẹ ń sọ yẹn wáyé ní Sotheby's, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà ní gbàǹjo, ní oṣù January 2019. Pákó 248 ni wọ́n tà pa pọ̀, gbogbo èyí tí Supreme, ilé iṣẹ́ aṣọ àti sikéètì ti New York, ti ṣe jáde láàárín ogún ọdún, kò sí èyí tó sọnù. Ẹ pín in: kò tó dọ́là 3,300 fún ẹyọ kan, pípé tó pé yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n san owó fún. Fún mẹ́rin tiyín, ẹ wo iye tí irú rẹ̀ TI tà. Iye tí ẹni kan kọ síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò san jẹ́ àlá onítọ̀hún.

Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé olóògbé kan ni mo ti ra àpótí kan. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ní táyà irin, èkejì ní táyà tó rí bí amọ̀ sísun, etí rẹ̀ sì ń rún. Ọmọ mi ọmọ ọdún mọ́kànlá ní òun fẹ́ gùn ún. Ṣé kò léwu? (Ìyá Ìbejì, Houston)

Ó léwu, Mama. Ẹ ra tuntun fún un, kí ẹ gbé méjèèjì yìí síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tó o.

Táyà irin ló kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ California ń já irin sikéètì ẹsẹ̀ sí méjì, wọ́n sì ń kàn án mọ́ ègé pákó. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1950, Roller Derby wà lára àwọn tó ń ṣe é tà ní ṣọ́ọ̀bù. Táyà irin kì í di ilẹ̀ mú rárá, kọnkéré dídán sì dà bí ilẹ̀ ọlọ́ṣẹ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni táyà amọ̀ dé, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Makaha àti Hobie lò ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1960. Amọ̀ ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kì í ṣe amọ̀ ìkòkò. Àdàlù líle ni wọ́n tẹ̀ pọ̀. Ó dákẹ́ ju irin lọ, ó sì rọra di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà kan tó láti dá a dúró gbì, kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ máa bá ìrìn lọ ní tirẹ̀. Ìpalára pọ̀ débi pé àwọn ìlú kan fòfin dè é, ọjà náà sì ṣubú ní 1965. Ìgbà tí Frank Nasworthy mú táyà urethane (ike tó rọ̀ díẹ̀) tó pè ní Cadillac Wheels dé California, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ni eré náà tó jí dìde.

Láti dá wọn mọ̀: ẹ fi èékánná tẹ táyà náà. Urethane á gbà díẹ̀, á sì padà. Amọ̀ kò ní gbà. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí kàn án: amọ̀ á dún kó, urethane á dún bù. Ẹ tún wo ìrù pákó. Bí ó bá tẹ́ láti imú dé ìrù, ìran àkọ́kọ́ ló jọ. Ìrù tó gbé sókè ni Larry Stevenson, ẹni tó ni Makaha, lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún gẹ́gẹ́ bí àrà tirẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960.

Bí ẹ bá fẹ́ tú táyà àtijọ́ yìí, ẹ tẹ́ àwo tí etí rẹ̀ ga sábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe bíárìn tí wọ́n dì sínú ilé ló wà níbẹ̀, ọta kéékèèké lásán ni. Bí nọ́ọ̀tì bá ti ṣí, gbogbo wọn á ya jáde bí ìgbà tí àpò ẹ̀wà jò. Ẹ ka ti apá kan kí ẹ tó ṣí apá kejì, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí ìdí láti tú u, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tú u. Àmì ilé iṣẹ́ tí wọ́n kùn sójú pákó ló gbé owó rẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun fọ̀ ọ́ ju aṣọ gbígbẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kó sikéètìbọ́ọ̀dù àtijọ́ márùn-ún ránṣẹ́ sí mi. Yábàá ni mò ń gbé. Mo ń ronú ooru, ọ̀rinrin àti ikán. (Ọ̀dọ́ akójọ, Èkó)

Ikán ni kí ẹ ronú sí jù. Ẹ má kó pákó sínú páálí lórí ilẹ̀, torí oúnjẹ lẹ fi di oúnjẹ yẹn. Ẹ má fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ọ̀nà tí ikán ń gbà nìyẹn. Sẹ́ẹ̀fù irin tó jìnnà sí ògiri ní ìbú ọwọ́ kan, tàbí kí ẹ gbé e kọ́ sórí ìṣó méjì, kí irin tírọ́ọ̀kì jókòó lé e. Ẹ máa yí i padà wò lóṣù. Bí ẹ bá rí ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, tí ìyẹ̀fun sì wà lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ti wà nínú igi. Ẹ dì í mọ́nú ọ̀rá láìsí àlàfo, kí ẹ fi í sínú fíríìsà tó le dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì jẹ́ kó tù fún ọjọ́ kan kí ẹ tó ṣí ọ̀rá. Níbi tí iná kò ti dúró, èyí ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ wá ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í kú.

Ọ̀rinrin ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìpele igi maple méje tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀mù mọ́ra ni pákó jẹ́, láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1970. Bí omi bá wọ etí rẹ̀, ìpele á bẹ̀rẹ̀ sí ya. Ẹ fi eegun ìka kàn án láti imú dé ìrù: ibi tó le á dún gan-an, ibi tó ti ń ya á dún bí ẹni tó ń kan páálí. Ẹ má wé e sínú ọ̀rá fún ìpamọ́, torí òógùn á mú un nínú rẹ̀. Aṣọ òwú ló yẹ ẹ́. Ẹ má sì kọ́ ọ síwájú ẹ̀rọ amúlétutù: gbígbẹ òjijì nígbà ọyẹ́ àti òtútù ẹ̀rọ máa ń ká igi.

Oòrùn kò gbọdọ̀ bá àwòrán. Àwọn àwọ̀ tó ń tàn yòò, píǹkì àti yẹ́lò ti ìparí àwọn ọdún 1980, ló kọ́kọ́ ń ṣá. Táyà funfun á di àwọ̀ bọ́tà, ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni táyà tí ojú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí súwíìtì tó yọ́: ọ̀rinrin ti tú urethane náà láti inú wá, kò sì sí àtúnṣe. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kó má lẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Ẹ má sì jẹ́ kí sikéètìbọ́ọ̀dù dúró lórí táyà rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ibi tó fi kan ilẹ̀ á tẹ́.

Ní ti ìrìnàjò: kí ẹ̀gbọ́n tú tírọ́ọ̀kì kúrò, kí wọ́n fi páálí wé imú àti ìrù, torí ibẹ̀ ló máa ń fọ́. Pákó ọdún 1980 sábà máa ń gùn tó íǹṣì 30, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 76. Kí wọ́n wọ̀n inú àpótí ìrìnàjò, kì í ṣe ìta rẹ̀, bóyá ó máa wọ̀ ọ́ ní ìdábùú. Àwòrán méjì kò gbọdọ̀ kọjú síra. Aṣọ ni kí ó wà láàárín.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ohun tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ WAFFLESNCREAM, ilé iṣẹ́ sikéètì ní Èkó, àti ohunkóhun tí ẹ bá rí láti ìgbà tí Freedom Skatepark, pápá sikéètì, ṣí ní Accra ní 2021, ẹ máa kó o jọ nísinsìnyí tó ṣì wà lọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn akójọ California ń fi owó ńlá wá sítíkà tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà kan.

Mo ní ìwé ìròyìn Thrasher, R.A.D. àti àwọn sítíkà. Sítíkà kan ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú wọn, kí sì ni kí n wò bí mo bá tún fẹ́ rà? (F.B., Leeds)

Ohun tí ẹ máa wò nígbà rírà ni àárín ìwé. Ibẹ̀ ni pọ́sítà wà, àwọn ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n sì ń rà á. Ó ti wà lára ògiri ẹnì kan. Ẹ ka ojú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti gé fọ́ọ̀mù ìràjà: ó máa ń wà létí ìpolówó, ẹ̀yìn ìwé yẹn á sì pàdánù ìdajì ọ̀rọ̀. Thrasher àkọ́kọ́ jáde ní January 1981, Transworld ní 1983. Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn, The Quarterly Skateboarder, bẹ̀rẹ̀ ní 1964, ó sì kú pẹ̀lú ọjà 1965. Ní 1975 ló padà dé gẹ́gẹ́ bíi SkateBoarder. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ní SkateBoarder ti 1970, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ máa lọ.

Ìpamọ́: ọ̀rá polyester ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́. PVC tó rọ̀ tó sì ń rùn bí aṣọ òjò tuntun máa ń fa àwọ̀ kúrò lára ìwé. Ẹ fi káàdì tí kò ní ásíìdì sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tò ó ní òòró. Ẹ yẹ pínnì àárín wò. Bí ó bá ti dípẹtà, ẹ rọra tú u pẹ̀lú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, torí ìpẹtà á jẹ ìwé yí ara rẹ̀ ká.

Sítíkà tó lẹ̀ mọ́ra: ẹ kó wọn sínú ọ̀rá, kí ẹ fi sínú fíríìsà fún wákàtí kan. Lẹ́ẹ̀mù á le, á sì jẹ́ kí wọ́n yà bí ẹ bá rọra fa igun kan. Ooru á yọ́ ọ, àwọ̀ ọ̀kan á sì bá èkejì lọ. Ẹ má yọ bébà ẹ̀yìn rẹ̀ láéláé. Sítíkà tí ẹ lẹ̀ mọ́ fíríìjì ti di ti fíríìjì.

Ike gígùn méjì wà lábẹ́ pákó mi, súkúrú ni wọ́n fi dè é. Ike míì tún wà ní ìrù. Wọ́n bo àwòrán. Ṣé kí n yọ wọ́n? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester)

Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gùn ún nígbà náà ló fi wọ́n síbẹ̀ kí àwòrán má baà ha kí pákó sì lè yọ̀. Powell Peralta pe tiwọn ní Rib Bones àti Tail Bone, ojúlówó wọn sì ń tà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọ̀ pákó yín ṣe rí kí oòrùn tó bà á, abẹ́ ike yẹn nìkan ló ṣì wà. Ẹ lè tú ẹ̀gbẹ́ kan láti wò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kí ẹ lò, má ṣe lo ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ bá ń dá súkúrú padà, ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ kó dún tí kékeré kan. Ó ti bọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ìgbà náà ni kí ẹ wá yí i síwájú, kí ẹ dáwọ́ dúró gbàrà tó bá ti mú.